Omi Àbúrò Mi Mọ́ Ju Tèmi Lọ

Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó tún jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ki ìgò yìí bọ inú ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì sọ ohun kan ṣoṣo fún mi, bíi pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá àwọ̀ pupa tó wà nínú omi tí àwọn aláró fi ṣan aṣọ lánàá, méjì péré ló ṣẹ́ kù. Ìyẹ̀fun dúdú àbúrò mi ti gba gbogbo ìyókù mọ́ra. Mo gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé, mò ń rí ògiri ilé kejì láti inú rẹ̀, mò ń rí wáyà iná, mò ń rí... ó tó. Omi náà mọ́ gaara. Omi àbúrò mi mọ́ gaara.

Kí n nu gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá ọ̀rá ọwọ́ — rárá. Ọ̀rá ọwọ́ á fi kún nọ́ńbà àwọ̀ ni, kò lè dín in kù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kí ni mi ò kọ́ ọ nínú yàrá yìí? Bí a ṣe ń fi ìka méjì di ìgò mú. Bí a ṣe ń kọ déètì sí òkè ìwé kí a tó kọ ohunkóhun. Bí a ṣe ń dúró ti ẹ̀rọ kí ó gbóná dáadáa kí a tó gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ sẹ́yìn ló wọlé síbí, tó ń wo ẹ̀rọ bí ẹni tó ń wo ajá tí kò mọ̀. Èmi ni mo mú un wá. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá mánéjà pé mo ní àbúrò kan.

Fọ́ọ̀mù ìdánwò ìyẹ̀fun náà wà níwájú mi. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló ti kún àfi ọ̀kan: ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mánéjà ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí èmi ni olórí láàbù. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ìyẹ̀fun àbúrò mi ni wọn yóò dà sínú táńkì ńlá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kí omi pupa tó dé odò. Tèmi, tí mo ti fi ọdún mẹ́rin ṣe, á di ohun tí wọ́n ń kó pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Bí n kò bá fọwọ́ sí i... Bí n kò bá fọwọ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ìdí yẹn ni mò ń wá láti àárọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mò ń wá.

Olóòfà ni wọ́n ń pe àbúrò mi báyìí. Àwọn aláró, awakọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo wọn. "Olóòfà, báwo ni?" Nítorí pé ó po irin mọ́ ìyẹ̀fun tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ti gbé òòfà sábẹ́ ìgò, ìyẹ̀fun náà á kó ara rẹ̀ jọ, á fi omi sílẹ̀. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo pidánpidán. Aláró àgbà, ẹni tí kì í yin ẹnikẹ́ni, pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ti wà níbí fún ọdún mọ́kànlá, "Ìyá Láàbù" ni orúkọ tèmi. Orúkọ tí èèyàn lè fún àga.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá o. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí nígbà tí Ìyá wa bá lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, mo ń fi èkejì ka ìwé. Títí di òní, ẹ̀yìn yìí ṣì ń dùn mí bí òtútù bá mú. Ìyá kò rántí èyí. Ohun tí Ìyá rántí lórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni pé, "Ọmọ yẹn, Ọlọ́run ló dá a lọ́tọ̀. Ìwọ náà sáà ń gbìyànjú." Ìwọ náà sáà ń gbìyànjú! Mo ní, ẹ ṣé, mà.

Ọmọ tèmi gan-an. Ọmọ tí mo fi inú mi bí. "Mọ́mì, tí mo bá dàgbà, iṣẹ́ Àǹtí Kékeré ni mo fẹ́ ṣe." Mo ní iṣẹ́ kan náà ni àwa méjèèjì ń ṣe. Ó wò mí, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Rárá o, ti Àǹtí Kékeré." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n máa ń fi èyí tu àgbà nínú, kò sì tíì tù mí nínú rí. Ta ló ń bá àgbà du àkísà? Àkísà tèmi kún àpótí: ìwé mẹ́rìnlá tí mo kọ nọ́ńbà kún, aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta tí oògùn ti jẹ lọ́wọ́, ìyẹ̀fun tó ń gba mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọdún mẹ́rin kí n tó dé ibẹ̀. Òun, oṣù mọ́kànlá.

Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ ronú kan ìyẹ̀ pákó? Èmi ni. Èmi ni mo lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà igun òpópónà, tí mo ní kí ó má máa jó ìyẹ̀ tó ń gbá jọ, kí ó máa dá a sí fún mi. Ó rò pé adìẹ ni mò ń sìn. Èmi ni mo sun ún nínú ìléru tí atẹ́gùn kò wọ̀, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo fi oògùn jẹ ẹ́ títí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kéré débi pé ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè tò sórí ìbú fọ́nrán irun kan. Náánò, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pè é. Ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ̀, àwọ̀ á sì rí ibi púpọ̀ lẹ̀ mọ́. Gbogbo èyí, orí mi ló ti jáde. Òun kàn wá fi irin sí i. Irin! Ẹni tó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ ló wá di alásè.

Ó jí i ni. Mi ò sọ ọ́ síta rí, ṣùgbọ́n níbí tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀... ó jí i. Ìwé rẹ̀ wà níbí, ó gbé e fún mi láàárọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun náà. "Àǹtí mi, ẹ má kánjú o. Ẹ wò ó dáadáa." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, nínú láàbù, lójú àwọn èèyàn. Ìkúnlẹ̀ yẹn bí mi nínú ju bí ẹni pé ó ṣe fọ́ńté sí mi lọ. Ẹni tó ti borí kì í náwó kankan bó bá kúnlẹ̀.

Kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fúnra mi. Omi pupa. Ìyẹ̀fun rẹ̀, ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan. Mò ń mì í. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ká bébà asẹ́, mo fi í sínú àrọ, mò ń da omi náà sí i díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é níbí láti ayébáyé. Òfin láàbù yìí ni, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sára ògiri: Ẹ fi bébà sẹ́ gbogbo omi kí ẹ tó kà á. Ìyẹ̀fun tó bá kù sínú omi máa ń ṣi ẹ̀rọ lọ́nà, á rò pé àwọ̀ ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi lé mi lọ́wọ́, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ òòyì tó máa ń fi ìgò yí títí ìdọ̀tí fi rọ̀ sísàlẹ̀ ti bàjẹ́, bébà nìkan ló kù. Ẹ̀rọ òòyì ti padà sípò tipẹ́, ṣùgbọ́n bébà ti mọ́ wa lára.

Omi ń kán. Tó... tó... Ó mọ́, ó mọ́ jù. Mo gbé ojú kúrò lára omi, mò ń wo bébà.

Etí rẹ̀ pupa.

Díẹ̀ ni o, bí ètè ọmọ tó jẹ súìtì. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kò dé etí yẹn. Ìyẹ̀fun wà nísàlẹ̀, dúdú, ó kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀. Kí ló wá pupa létí? Kí ló mu àwọ̀ níbi tí kò sí ìyẹ̀fun?

Dúró ná.

Bébà ni. Bébà fúnra rẹ̀ ń mu àwọ̀.

Ọwọ́ mi ń yára. Omi pupa lásán, tí kò ní ìyẹ̀fun kankan nínú. Bébà tuntun. Àrọ. Ìgò. Mo mọ nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ kí ó tó kọjá, ọgọ́rùn-ún ni. Lẹ́yìn tó kọjá... ẹ̀rọ ń ronú... àádọ́rin ló kù. Ọgbọ̀n ti lọ. Bébà lásán, èyí tí wọ́n ń yọ nínú páálí, tí kò lọ ilé ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sun nínú ìléru, ti gba ìdá ọgbọ̀n nínú àwọ̀ náà lọ.

Inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún ara mi, inú mi dùn gan-an. Mo ti mú un! Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀, èrú ni. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe díẹ̀, bébà ṣe ìyókù, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Fóònù ti wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà mánéjà ti wà lójú rẹ̀, àtàǹpàkò mi wà lórí rẹ̀. Mo ti mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Mi ò ní yọ̀ o. N ó sọ ọ́ bí ẹni tí àánú ń ṣe: ọ̀gá, ọmọ náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú ọmọdé kò tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àbí? N ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mánéjà á sì ní...

Mánéjà á ní, "Èló wá ni tirẹ̀, láìsí bébà?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Kì í gba ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ńbà nínú.

Ó dáa. Kí n fún un ní nọ́ńbà. Ìyẹ̀fun rẹ̀, omi pupa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí bébà. Mo gbé òòfà sábẹ́ ìgò, ìyẹ̀fun náà sì ń sáré lọ bá a, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí gbogbo ayé ṣe ń sáré lọ bá ẹni tó ni ín. Mo fa omi òkè rẹ̀. Mo kà á.

Márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ìyẹn ni pé mẹ́ta péré ni bébà fi kún tirẹ̀. Mẹ́ta. Àwọ̀ kò tilẹ̀ kù tí bébà ì bá mu. Mo ń wo nọ́ńbà yìí, nọ́ńbà yìí ń wò mí. Kò yí padà.

Kí ló wá dé tí kò kọ márùndínlọ́gọ́rùn-ún sí fọ́ọ̀mù? Ó ní òòfà. Kò nílò bébà rárá. Ojúkòkòrò ni, ó fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ ga sí i — nítorí mẹ́ta? Ta ni í fi mẹ́ta ṣe ojúkòkòrò nígbà tó ti ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún?

Tèmi ńkọ́?

Mi ò fẹ́ ṣe tèmi. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe tèmi. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ló wà níwájú mi, kì í ṣe tèmi. Wò ó, ọwọ́ mi ti ń ṣí ìdérí ike ìyẹ̀fun mi. Ó kúná, ó dúdú, ó rẹwà. Ẹ wo bó ṣe rẹwà. Omi pupa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí bébà. Tèmi kò ní irin nínú, nítorí náà mo gbé e sínú ẹ̀rọ òòyì, mo jókòó tì í, ó ń kùn, ó ń kùn. Mo lè pa á. Mo lè pa á báyìí, kí n sọ pé iná lọ. Ó ń kùn.

Ó dúró. Mo fa omi òkè. Mi ò gbé e sí ojú fèrèsé, ojú mi ti rí i tẹ́lẹ̀; ó pupa bí omi tí èèyàn fi fọ ọgbẹ́. Mo kà á.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Bébà lásán: ọgbọ̀n. Ọdún mẹ́rin mi: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Mẹ́ta ni mo fi ju bébà lọ... Gbogbo ọdún yìí tí mò ń yọ bébà pupa nínú àrọ, tí mò ń jù ú sínú garawa, tí inú mi ń dùn pé ìyẹ̀fun mi ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ojú mi là sílẹ̀, mò ń rí i.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún là ń ríran. Jẹ́ kí n ronú. Ọ̀nà kan wà. N kò ní mú tèmi dání rárá. N ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bébà láàbù ti ba gbogbo nọ́ńbà jẹ́, ti gbogbo wa, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Pé kò sí ẹni tó lè gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ọdún kan nìyẹn. Nínú ọdún kan, èmi náà á ti wá irin tèmi. Wọ́n á tilẹ̀ yìn mí pé èmi ni mo rí àṣìṣe náà. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Irọ́ dà níbẹ̀? Omi pupa á sáà máa ṣàn lọ sí odò fún ọdún kan sí i, ṣebí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀?

Kí ó lè dúró dáadáa, kí n fi kún un pé inú iṣẹ́ mi ló ti mú ìyẹ̀ pákó. Ẹ̀rí á wà nínú ìwé rẹ̀. N ó ṣí i sẹ́yìn, oṣù mẹ́sàn-án... oṣù mọ́kànlá... ibi tó ti kọ́kọ́ da irin pọ̀ mọ́ ọn nìyí. "Ìyẹ̀ pákó, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe kọ́ mi." Ó kọ ọ́. Ó kọ orúkọ mi síbẹ̀, àfi bí ẹni tó mọ̀ pé n ó wá wò ó. Ó dáa. Ṣí i sẹ́yìn sí i. Kí ló mú un ronú kan irin? Ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi níbì kan. Ọdún kan àtààbọ̀... ọdún méjì...

Kí nìyí?

Ojú ewé kan tí kò kún. Déètì wà lókè rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. "Omi pupa, bébà nìkan: ọgbọ̀n." Abẹ́ rẹ̀: "Ìyẹ̀fun Àǹtí, ẹ̀rọ òòyì, láìsí bébà: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo tún un ṣe: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo tún un ṣe: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Abẹ́ rẹ̀ pátápátá: "Kí n sọ fún Àǹtí." Ó sì ti pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló fi là á já, bí mo ṣe kọ́ ọ pé a kì í fi bírò kun ohun tí a bá pa rẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á.

Mo sì ń kà á.

Déètì yẹn... Mo mọ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mánéjà pe gbogbo wa jọ sí ẹnu ọ̀nà láàbù, tó ní nítorí mọ́kànlélọ́gọ́ta mi, èmi ni olórí láti òní lọ. Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́? Òun ni. Ó pàtẹ́wọ́ títí àwọn yòókù fi dara pọ̀. Mo rò pé ó ń ṣe ojú ayé ni. Ọdún méjì ni mo ti ń rò bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló ṣe fi irin sí i. Kò fẹ́ lo bébà mọ́, kò sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, ló bá wá ohun tí kò nílò bébà. Ó sì tún fi bébà sẹ́ ẹ fún fọ́ọ̀mù yìí, nítorí bí ó bá kọ "láìsí bébà" síbẹ̀, mánéjà á béèrè ìdí, ìdí náà ni yóò sì rìn wá bá mi. Ó mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó ń pè mí ní ọ̀gá lójú àwọn aláró, ó mọ̀. Ó mọ̀ láàárọ̀ yìí, lórí ìkúnlẹ̀.

Èmi ńkọ́? Ká ní èmi ni mo rí irú èyí nínú iṣẹ́ tirẹ̀... Kí ni mò ń bi ara mi? Mo ti rí i. Ọ̀sán yìí ni mo rí i, lára etí bébà kan, bébà náà kò tíì gbẹ tí mo ti gbé fóònù. Nọ́ńbà mánéjà ṣì wà lójú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ṣì ṣófo ní ìlà kan. Bírò wà lọ́wọ́ mi, n ó fọwọ́ sí i, mo mọ̀ pé n ó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Ọdún méjì ni àbúrò mi fi dákẹ́ lórí mi. Èmi kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀. Ọlọ́run mi, èyí náà, mò ń jowú rẹ̀.